Àlọ àti Àbọ̀ Ohùn: Ìtàn Ẹ̀rọ Àfisétí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní etí tó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Òwe yìí bá ìtàn ẹ̀rọ kékeré kan mu, èyí tí àwọn ará ìgboro ń pè ní íapíìsì: ẹ̀rọ tí à ń kì bọ ihò etí láti gbọ́ orin, ìwàásù tàbí ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ohun méjì ni ẹni tí ó bá fẹ́ ra á lọ́jà máa ń béèrè. Ṣé ohùn rẹ̀ dára? Ṣé kò ní í dun etí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbéèrè méjèèjì yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹ̀rọ náà, tí ó ti lé ní 130 ọdún, fi hàn pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n. Ẹ̀rọ tí kò bá jókòó dáadáa sínú etí kò lè dún dáadáa. Èyí tí kò bá sì dún dáadáa, ńṣe ni ẹni tí ó ni ín yóò máa yí ohùn rẹ̀ sókè títí yóò fi ṣe etí ara rẹ̀ léṣe.

Nígbà tí ohùn wà ní èjìká

Ọdún 1876 ni Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ lórí tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi gba àwọn òṣìṣẹ́ tí ń so ìlà ẹnì kan mọ́ ti ẹlòmíràn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí kì í dilẹ̀, wọn kò sì lè máa di ẹ̀rọ mú sí etí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, Ezra Gilliland ṣe ẹ̀rọ kan tí òṣìṣẹ́ ń gbé kọ́ èjìká, tí ibi ìgbọ́hùn rẹ̀ sì kan etí kan. Ìwọ̀n ẹ̀rọ náà lé ní kílò mẹ́rin. Ẹni tí ó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò ní í béèrè bí ohùn ṣe dùn tó; bí yóò ṣe sọ ẹrù kalẹ̀ ni yóò máa rò.

Ìgbádùn ni ó mú àwọn mìíràn wá sídìí ẹ̀rọ náà. Ní ọdún 1881, níbi ìpàtẹ ohun èlò iná mànàmáná ní Paris, Clément Ader na wáyà láti orí ìtàgé ilé opera dé yàrá ìpàtẹ. Àwọn ènìyàn tò sórí ìlà láti fi agbóhùn méjì sí etí méjèèjì, wọ́n sì ń gbọ́ bí akọrin ṣe ń rìn láti apá òsì ìtàgé bọ́ sí apá ọ̀tún. Láti ọdún 1890 ni wọ́n ti ń ta ìgbádùn yìí fún àwọn onílé ní Paris lábẹ́ orúkọ théâtrophone, ó sì wà títí di ọdún 1932. Marcel Proust, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tí ń sanwó rẹ̀ ní ọdún 1911. Ara rẹ̀ kò le, nítorí náà láti inú ilé ni ó ti gbọ́ orin Debussy àti ti Wagner. Ní London, iṣẹ́ kan náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1895 lábẹ́ orúkọ Electrophone. Àwọn tí wọ́n ń gbọ́ ọ níbẹ̀ ń fi ọwọ́ di ọ̀pá kan mú lábẹ́ àgbọ̀n, tí agbóhùn méjì sì wà lórí rẹ̀. Eré náà dùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ a máa ro wọ́n kí eré tó parí.

Ará Faransé kan àti rọ́bà kékeré

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láti èjìká, ohùn bọ́ sí ọwọ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ mú un wọ inú ihò etí gan-an ni Ernest Mercadier, ẹnjinníà ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1891, ó gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ohun tí ó pè ní "bi-telephone", agbóhùn kékeré méjì tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so pọ̀, tí gbogbo rẹ̀ kò sì wúwo ju nǹkan bí 50 giramu lọ.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí nínú ìwé Mercadier ni rọ́bà tí ó fi bo orí agbóhùn náà. Ó fún un ní iṣẹ́ méjì: kí ó má bàa ha ihò etí, kí ó sì dí etí mọ́ ariwo ìta. Ọkùnrin yìí ti rí i pé ohun kan náà tí ó mú ara tu etí ni yóò mú kí ohùn dé inú rẹ̀ láìjò. Ohun tí ń dún nínú agbóhùn ayé ìgbà náà ni kò tíì tó èrò rẹ̀. Nínú agbóhùn irú ti Bell, irin pẹlẹbẹ kan ni ó dúró níwájú òòfà bí awọ lójú ìlù. Òòfà ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan ní gbogbo ìgbà, ó sì ti tẹ̀ kí ohùn tó dé rárá. Ohùn tí ó bá gba ojú irin tí ó ti tẹ̀ kọjá kì í jáde bí ó ṣe wọlé.

Ilẹ̀ kò lè jẹ́ ọ̀nà àbọ̀ títí láé

Ní àkókò kan náà, ìṣòro mìíràn wà lórí wáyà. Iná mànàmáná tí ń gbé ohùn gbọ́dọ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ bọ̀. Àwọn onítẹlifóònù àkọ́kọ́ fẹ́ fi owó wáyà pamọ́, nítorí náà wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n nà fún àlọ, wọ́n sì fi ilẹ̀ ṣe ọ̀nà àbọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò ṣe tiwọn nìkan. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin oníná bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín ìlú, tí iná sì ń tàn ní òpópónà, gbogbo ariwo wọn ń gba ilẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn.

Láti ọdún 1881 ni Bell ti gba ìwé àṣẹ lórí oògùn rẹ̀: wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ ara wọn, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Ariwo tí ó bá kọlu èkíní yóò kọlu èkejì bákan náà. Bí ó ti jẹ́ pé ìyàtọ̀ àárín wáyà méjèèjì ni agbóhùn ń gbọ́, ohun tí ó bá dọ́gba lórí wọn yóò pa ara rẹ̀ rẹ́, ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò sì ṣẹ́kù. Èyí ni ìdọ́gba àkọ́kọ́ nínú ìtàn yìí, ìdọ́gba wáyà. Ó di ìlànà gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ kí ó tó dé etí olórin.

Ilé ìdáná Nathaniel Baldwin

Ìdọ́gba kejì wá láti ilé ìdáná kan ní ìpínlẹ̀ Utah, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni Nathaniel Baldwin ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe agbóhùn. Ní ọdún 1910, ó kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà pé kí wọ́n dán iṣẹ́ òun wò. Àwọn òṣìṣẹ́ wáyàlẹ́ẹ̀sì inú ọkọ̀ ogun nílò ẹ̀rọ tí yóò gbọ́ ohùn tí ó rẹlẹ̀ jù lọ, nítorí kò tíì sí ẹ̀rọ tí ó ṣeé gbé ara lé láti sọ ohùn kékeré di ńlá. Nígbà tí wọ́n dán ti Baldwin wò, wọ́n rí i pé ó ta gbogbo èyí tí wọ́n ní yọ.

Àṣírí rẹ̀ rọrùn láti sọ. Baldwin kò jẹ́ kí òòfà fa irin sí ẹ̀gbẹ́ kan mọ́. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí àárín gbùngbùn, tí òòfà wà ní apá òsì àti apá ọ̀tún rẹ̀, tí wọ́n sì ń fà á bákan náà. Irin náà wá dúró láìtẹ̀ síbì kankan, bí òṣùwọ̀n tí ẹrù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ ṣe déédéé. Bí iná tí ó gbé ohùn bá gba inú wáyà tí a wé yí i ká, ìdọ́gba náà yóò yẹ̀ díẹ̀, irin yóò tẹ̀ sí ìhà kan, yóò sì padà. Ọ̀pá fíntín kan so ó mọ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi máíkà ṣe, awọ náà ni ó sì ń mi afẹ́fẹ́. Nítorí pé kò sí ohun tí ó ń fa irin náà ṣáájú, agbára tí ó kéré jọjọ tó láti mì ín. Irin adọ́gba ni a lè pè é.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ológun náà tún sọ. Wọ́n yin ohùn rẹ̀, wọ́n sì bu ẹnu àtẹ́ lu bí ó ṣe rí lórí. Kí Baldwin tó rí iṣẹ́ gbà dáadáa, ó ní láti fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a fi awọ ẹran bò ṣe ìdè orí mìíràn, èyí tí ó ṣeé fà gùn tàbí sún kúrú fún orí olúkúlùkù. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ rà púpọ̀, ó dá wọn lóhùn pé mẹ́wàá péré ni òun lè ṣe lẹ́ẹ̀kan, nítorí ilé ìdáná ni ibi iṣẹ́ òun.

Ìgbà tí gbogbo ilé ń gbọ́ pọ̀

Nígbà tí rédíò tàn kálẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilé gba iṣẹ́ lọ́wọ́ agbóhùn etí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ìlú Èkó. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé rédíò dé ilé àwọn ènìyàn ní ọdún 1935, àpótí tí ń dún sí etí gbogbo ará ilé ni wọ́n gbé wá. Yorùbá pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì, wọ́n sì jọ ń jókòó tì í ni.

Agbóhùn etí kò kú ní àkókò náà. Ní Jámánì, ilé-iṣẹ́ Eugen Beyer gbé DT 48 jáde ní ọdún 1937, èyí tí wáyà wíwé ara awọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mì níwájú òòfà. Ní ọdún 1958, John Koss ní ìlú Milwaukee ṣe hẹ́dífóònù tí ó gbé orin sí etí òsì àti etí ọ̀tún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ ńlá tí ń bo etí ni àwọn wọ̀nyí. Ọ̀dọ̀ àwọn tí etí wọn kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ ni irin adọ́gba sá lọ. Ní ọdún 1946, Hugh Knowles dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Chicago, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn ẹ̀yà fíntínfíntín fún ẹ̀rọ ìrànlọ́wọ́ etí. Wọ́n sọ irin adọ́gba di kékeré títí ó fi lè wọ inú ẹ̀rọ tí ń gbé inú etí láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Padà sínú ihò etí

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1979 ni Sony gbé Walkman jáde ní Japan. Ihò méjì wà lára ti àkọ́kọ́ kí ènìyàn méjì lè jọ gbọ́ ọ, bọ́tìnì kan sì wà tí wọ́n lè tẹ̀ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó dà bí ẹni pé ojú ń ti àwọn tí ó ṣe é láti fi ènìyàn sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú orin. Nígbà tí ó yá, wọ́n yọ bọ́tìnì náà kúrò. Ní ọdún 1982, Sony tún gbé agbóhùn kékeré jáde tí ń jókòó sí ẹnu ihò etí láìní ìdè orí. Ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò dí etí. Ohùn ìsàlẹ̀ ń jò dànù, ariwo ọkọ̀ sì ń wọlé, èyí tí ó mú kí àwọn ènìyàn máa yí ohùn sókè láti borí ìta.

Ẹni tí ó tún ọ̀rọ̀ Mercadier sọ, láìjẹ́ pé ó fara wé e, ni Mead Killion. Ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Knowles kí ó tó dá Etymotic Research sílẹ̀ ní Illinois ní ọdún 1983. Ní ọdún 1991, wọ́n gbé ER-4 jáde: irin adọ́gba kan ṣoṣo nínú ike tẹ́ẹ́rẹ́, tí a fi rọ́bà alákàbà mẹ́ta tàbí fóòmù bò lórí. Fóòmù náà ni ènìyàn yóò fi ìka rún kí ó tó kì í bọ etí, yóò sì wú padà láti gba ìrísí ihò náà.

Killion mọ ohun kan tí àwọn oníṣòwò orin kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ihò etí àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, ó sì ń ṣe bíi fèrè. Fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé ohùn tí ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ga. Ọjọ́ tí a ti bí ènìyàn ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń gbọ́ ayé bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi nǹkan dí ihò náà, fèrè náà yóò pa ohùn dà, orin yóò sì ṣe àjèjì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣe ẹ̀rọ àfisétí gbọ́dọ̀ dá ohun tí ó gbà lọ́wọ́ etí padà fún un. Èyí ni ìdọ́gba kẹta, ìdọ́gba ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Kò yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ iyì rẹ̀. Nínú èdè tí òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ti ń ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀, tí ìlù pàápàá ń fi wọ́n sọ̀rọ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má bàjẹ́.

Láti orí ìtàgé

Ibi tí ariwo pọ̀ jù lọ ni ẹ̀kọ́ yìí ti wúlò jù. Ní ọdún 1995, Jerry Harvey ni ó ń bójú tó ohùn tí àwọn ẹgbẹ́ olórin Van Halen ń gbọ́ lórí ìtàgé. Gbohùngbohùn ńláńlá tí ń dún sí Alex Van Halen, onílù wọn, ti ń ba etí rẹ̀ jẹ́. Harvey ṣe ẹ̀rọ àfisétí kan fún un tí a fi àwòṣe ihò etí rẹ̀ rọ, ó sì dá ilé-iṣẹ́ Ultimate Ears sílẹ̀ lórí iṣẹ́ náà. Irin adọ́gba méjì ni ó fi sínú rẹ̀, ọ̀kan fún ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún ohùn òkè, nítorí pé irin kan tí ó kéré bẹ́ẹ̀ kì í sábà lè ru gbogbo ẹrù náà fún onílù.

Àwòṣe etí tún kọ́ àwọn ènìyàn ní nǹkan mìíràn. Kò sí ihò etí méjì tí ó bá ara wọn dọ́gba, ti òsì àti ti ọ̀tún ẹnì kan ṣoṣo pàápàá lè yàtọ̀. Ihò náà kò tọ́. Ó ní kọ̀rọ̀, awọ ara tí ó bo egungun ní apá inú rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, ìdí nìyí tí ike kékeré fi lè fa ìrora ńlá. Bí rọ́bà bá kéré ju etí lọ, ohùn ìsàlẹ̀ yóò jò. Bí ó bá tóbi jù, etí yóò máa ro olówó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ti bú pé kò dún ni kò ní àbùkù kankan ju rọ́bà tí kò bá etí mu lọ.

Àlọ kan, àbọ̀ kan, fún etí kọ̀ọ̀kan

Ìdọ́gba wáyà ti Bell padà wá sínú ìtàn ní ọ̀rúndún yìí. Nínú ẹnu wáyà tí ó wọ́pọ̀, etí òsì àti etí ọ̀tún ní àlọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n àbọ̀ kan ni wọ́n jọ ń lò. Bí ohùn méjèèjì ṣe jọ ń gba ọ̀nà kan padà, díẹ̀ nínú ti òsì lè dé ọ̀tún. Astell&Kern gbé ẹnu wáyà oní-mílímítà 2.5 sára ẹ̀rọ AK240 rẹ̀ ní ọdún 2014. Ní ọdún 2016, Sony gba oní-mílímítà 4.4 wọlé. Nínú méjèèjì, etí kọ̀ọ̀kan ní àlọ tirẹ̀ àti àbọ̀ tirẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ti ohùn jáde sì lè lo agbára tí ó pọ̀ sí i.

Òótọ́ ni èrè yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wọ̀n ọ́n dáadáa. Wáyà tẹlifóònù gùn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà láàárín ariwo ìlú. Ti ẹ̀rọ àfisétí kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ariwo tí Bell bá jà kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ohun tí àwọn kan gbọ́ tí wọ́n pè ní dídára sábà máa ń jẹ́ pé ohùn ti ròkè sí i, nítorí pé etí ènìyàn a máa ka èyí tí ó ròkè díẹ̀ sí èyí tí ó dára jù.

Àṣejù, baba àṣetẹ́

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti di ti ìlera. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2022 pé ó lé ní bílíọ̀nù kan ènìyàn, láti ẹni ọdún 12 dé ẹni ọdún 35, tí ewu pípàdánù ìgbọ́ràn ń bẹ lórí wọn nítorí orin àti ariwo ìgbádùn. Ìlànà tí àjọ náà fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà ni dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí ohùn bá fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ròkè sí i, àkókò náà ti já sí ìdajì. Bí ó bá dé 90, wákàtí mẹ́rin ni ó kù fún gbogbo ọ̀sẹ̀. Àwọn irun fíntín inú etí tí ń gba ohùn kì í hù padà bí wọ́n bá ti kú.

Ẹ̀rọ tí ó dí etí dáadáa lè dín ariwo ìta kù ní ohun tí ó ju dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 20 lọ. Ẹni tí ó bá lò ó nínú ọkọ̀ èrò lè gbọ́ orin rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kò sì sí ìdí fún un láti bá ẹ́ńjìnnì jagun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ní ọwọ́ ẹni tí kò mọ ìwọ̀n lè ti ariwo tààrà bá awọ etí láìsí ibi tí yóò gbà jò. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹni tí ń rìn lójú títì dí etí rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Apple, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta agbóhùn funfun tí kì í dí etí, gbé AirPods Pro jáde. Kò ní wáyà rárá, nítorí náà ọ̀rọ̀ àlọ àti àbọ̀ ti tán lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ní rọ́bà, oríṣi mẹ́ta, kékeré, alábọ́dé àti ńlá, ìdánwò kan sì wà nínú fóònù tí ń sọ fún ènìyàn bóyá rọ́bà náà dí etí dáadáa. Kí ó má ha etí, kí ó sì ti ariwo mọ́ ìta: ohun tí Ernest Mercadier kọ sílẹ̀ ní ọdún 1891 nìyẹn. Wáyà ti lọ, òòfà ti kéré sí i, orin sì ti fò gba afẹ́fẹ́, síbẹ̀ rọ́bà kékeré yẹn ṣì ni ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yàn kí ó tó tan orin.